Ohùn Ta Là Ń Gbọ́? West Side Story ti 1961 àti Èyí Tí Wọ́n Tún Ṣe ní 2021

Ní alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 2022, Ariana DeBose dìde nínú gbọ̀ngàn Dolby Theatre ní Los Angeles, ó lọ gba àmì ẹ̀yẹ Oscar tí wọ́n ń fún òṣèrébìnrin tó gbe aṣáájú òṣèré lẹ́sẹ̀ jù lọ. Ẹ̀dá ìtàn tó fi gbà á nínú West Side Story ń jẹ́ Anita. Láàárín àwọn tó jókòó tó ń wò ó ni ìyá àgbà ẹni àádọ́rùn-ún ọdún kan wà, Rita Moreno. Òun náà ti gba Oscar kan náà rí, ní oṣù Kẹrin ọdún 1962, Anita yìí kan náà ló sì fi gbà á. Ọgọ́ta ọdún ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Kó tó di alẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ọkùnrin nìkan ni irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí: Marlon Brando àti Robert De Niro fi Vito Corleone gba Oscar, Heath Ledger àti Joaquin Phoenix fi Joker gbà á.

Gbogbo ìgbà tí ilé iṣẹ́ kan ní Hollywood bá ti kéde pé òun fẹ́ tún fíìmù olórin àtijọ́ kan ṣe, àríyànjiyàn máa ń bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan á ní kí wọ́n fi ohun tó dára sílẹ̀ bó ṣe wà, pé ẹni tó bá tọwọ́ bọ̀ ọ́ yóò bà á jẹ́ ni. Àwọn mìíràn á ní ìwà tó kún inú ti àtijọ́ kò ṣeé fihan ọmọ mọ́. West Side Story ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí, torí mi ò mọ fíìmù mìíràn tó tú ìdí ìjà náà síta tó o. Mo fẹ́ràn méjèèjì. Ohun tí mo sì máa ń tẹ́tí sí nínú wọn ni ohùn: ẹnu ta ló ń là, ohùn ta ló ń jáde níbẹ̀, èdè ta sì ni.

Eré orí ìtàgé ni kó tó di fíìmù. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1957 ló bẹ̀rẹ̀ ní Broadway ní ìlú New York. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e kalẹ̀. Jerome Robbins ló mú àbá rẹ̀ wá tó sì to ijó rẹ̀, Leonard Bernstein ṣe orin, Arthur Laurents kọ ìtàn, Stephen Sondheim, tó jẹ́ ọmọ ọdún 27 péré nígbà náà, kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi orin sọ. Inú Romeo and Juliet ti Shakespeare ni wọ́n ti fa ìtàn náà yọ. Ìdílé méjì tó ń bára wọn ṣọ̀tá di ẹgbẹ́ ọmọ ìta méjì ní New York: Jets, àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun tí ìran wọn ti Yúróòpù wá, àti Sharks, àwọn ọmọ Puerto Rico tí wọn kò tíì pẹ́ nílùú. Tony, tó ti wà nínú Jets tẹ́lẹ̀, rí Maria, àbúrò Bernardo olórí Sharks, níbi ijó kan, ìfẹ́ sì kó wọn sí i. Anita ni ọ̀rẹ́bìnrin Bernardo. Kí ọjọ́ kejì tó parí, ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta ti kú.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbèrò eré yìí ní 1949, àwọn Júù àti àwọn Kátólíìkì ni wọ́n fẹ́ kó máa bára wọn jà, apá ìlà oòrùn Manhattan ni wọ́n sì fẹ́ fi ìtàn náà sí. Wọ́n pa á tì. Àárín àwọn ọdún 1950, nígbà tí ìròyìn ìjà àwọn ọmọ ìta gba inú ìwé ìròyìn kan, ni wọ́n tó wá gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ará Puerto Rico. Ó yẹ ká fi èyí sọ́kàn bí a ṣe ń lọ. Àwọn ará Puerto Rico kò pe ẹnikẹ́ni pé kó wá sọ ìtàn àwọn. Inú ilé tí ẹlòmíì ti kọ́ tán ni wọ́n ti pè wọ́n wọlé.

Erékùṣù ni Puerto Rico, ní òkun Kàríbéánì, Amẹ́ríkà sì gbà á lọ́wọ́ Spéènì ní 1898. Láti 1917 ni òfin ti sọ àwọn ará ibẹ̀ di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá wọ bàálù láti San Juan lọ sí New York kò nílò físà, bí ìgbà tí ará Texas bá lọ ń gbé ní Chicago ni. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, wọ́n wọ New York lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n ń wá iṣẹ́. Síbẹ̀ àlejò ni aládùúgbò ń pè wọ́n. Orí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni orin tí wọ́n ń pè ní "America" dá lé.

Fíìmù 1961 kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ojú ọ̀run ló ti bẹ̀rẹ̀. Kámẹ́rà wà lókè Manhattan, ó ń wo òpópónà àti òrùlé nísàlẹ̀ bí àwòdì, títí tó fi já sí pápá ìṣeré kan tí àwọn ọmọkùnrin kan ti ń ta ìka wọn, pá, pá, pá. Wọn kò tíì sọ̀rọ̀, a ti mọ ẹni tó ni àdúgbò. Wọ́n rìn díẹ̀, ìrìn náà di ijó, ijó náà di ìjà, a kò sì lè tọ́ka sí ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Robbins ló wà nídìí èyí. Òun àti Robert Wise ni wọ́n jọ jẹ́ olùdarí, ṣùgbọ́n Robbins kì í fi nǹkan sílẹ̀ títí yóò fi rí bó ṣe ń rò ó. Ó ń tún ijó kan náà yà léraléra, owó ń lọ, ọjọ́ ń lọ, àwọn tó ni owó wá dá a dúró kí iṣẹ́ tó parí. Àmì ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára fíìmù náà. Oscar mẹ́wàá ló gbà, ti fíìmù tó dára jù wà níbẹ̀, Wise àti Robbins sì ni olùdarí méjì àkọ́kọ́ tó jọ pín ẹ̀bùn olùdarí.

Ẹ wá wo ojú tí wọ́n kó síbẹ̀. Natalie Wood, ọmọ California tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Rọ́ṣíà, ni wọ́n fi ṣe Maria. Ọmọ àwọn Gíríìkì ni George Chakiris tó ṣe Bernardo. Kódà Riff, olórí Jets, ló ṣe nígbà tí eré náà wà lórí ìtàgé ní London. Nínú àwọn tí ipa wọn gbajúmọ̀, Rita Moreno nìkan ni ọmọ Puerto Rico, ìlú Humacao ni wọ́n bí i sí. Kí gbogbo wọn lè jọ ara wọn, wọ́n fi àtíkè aláwọ̀ ilẹ̀ kan ṣoṣo kun ojú wọn. Moreno ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé òun tí òun jẹ́ ọmọ ibẹ̀ pàápàá, wọ́n kun òun, wọ́n sọ òun di dúdú ju bí Ọlọ́run ṣe dá òun. Ó bá ẹni tó ń kun ojú rẹ̀ rojọ́, kò rí ojú rere. Ẹ̀jẹ̀ àwọn Taíno tó nilẹ̀, ti àwọn ará Spéènì àti ti àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà ló pò pọ̀ lára ará Puerto Rico. Ẹni funfun wà nínú wọn, ẹni pupa wà, ẹni tó dúdú bíi tiwa náà wà. Nínú fíìmù 1961, àwọ̀ kan ni gbogbo wọn, inú ike àtíkè ló sì ti jáde.

Ti ohùn ló máa ń dùn mí jù. Wood kọ àwọn orin Maria fúnra rẹ̀, ó fi gbogbo ara ṣe é, wọ́n sì jẹ́ kó gbà pé ohùn rẹ̀ ni ayé máa gbọ́. Ìgbà tí wọ́n ya fíìmù tán ni wọ́n sọ fún un pé kò ní rí bẹ́ẹ̀. Marni Nixon ló wá dúró níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tó ń wo ètè Wood lójú àwòrán, tó ń fi ohùn tirẹ̀ tẹ̀ lé e ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ fíìmù mọ Nixon dáadáa, aráàlú ni kò mọ̀ ọ́n. Òun ló kọrin fún Deborah Kerr nínú The King and I ní 1956, òun náà ló sì kọ ọ́ fún Audrey Hepburn nínú My Fair Lady ní 1964. Nígbà tí West Side Story jáde, orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwọn tí wọ́n kọ síbẹ̀. Kò sí àdéhùn kankan tó fún un ní ìpín nínú owó àwo orin náà, èyí tó tà bí ẹní ta omi. Bernstein ló yọ nínú tirẹ̀ fún un, ìdámẹ́rin nínú ìdá kan lórí ọgọ́rùn-ún.

Kì í ṣe Wood nìkan. Jimmy Bryant ló kọrin fún Richard Beymer tó ṣe Tony. Rita Moreno fúnra rẹ̀, tó jẹ́ akọrin, Betty Wand ló kọ "A Boy Like That" fún un, torí orin náà lọ sísàlẹ̀ jù fún ohùn rẹ̀. Nítorí náà nígbà tí Maria bá dúró lórí àkàbà ẹ̀yìn ilé tó ń kọrin ìfẹ́ sí Tony, ojú tí a ń wò kọ́ ni ohùn tí a ń gbọ́, lápá méjèèjì. Ó dùn-ún gbọ́, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti mọ̀, mi ò lè gbọ́ ọ mọ́ kí n má ronú kan obìnrin tí wọn kò kọ orúkọ rẹ̀.

Steven Spielberg ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà tó dáwọ́ lé àtúnṣe yìí, kò sì tíì ṣe fíìmù olórin kankan rí. Àwo orin eré náà ti wà nílé wọn láti kékeré rẹ̀. Bàbá rẹ̀, tó kú ní 2020, ló fi fíìmù náà ṣe ìrántí fún. Tony Kushner kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Justin Peck to ijó, Gustavo Dudamel, ọmọ Venezuela, sì darí ẹgbẹ́ olórin New York Philharmonic. Àrùn Kòrónà sún un síwájú ní ọdún kan. Ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2021 ló jáde, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí Sondheim kú lẹ́ni ọdún 91.

Àwókù ilé ni ohun àkọ́kọ́ tí a rí níbẹ̀. Níbi tí ti 1961 ti ń fò lókè bí ẹyẹ, kámẹ́rà ti 2021 ń rá lórí bíríkì àti pàǹtí, ó sì kọjá lára pátákó kan tó ń kéde pé Lincoln Center, ilé orin àti eré ńlá náà, ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Ìtàn gidi nìyí. Àdúgbò náà ń jẹ́ San Juan Hill, àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ará Puerto Rico ló ń gbé ibẹ̀. Thelonious Monk, àgbà olórin jáàsì, ibẹ̀ ló dàgbà sí. Robert Moses, tó ní àṣẹ lórí ìkọ́lé ní New York fún ọ̀pọ̀ ọdún, ló fi òfin ilé gbígbé ti 1949 kó àwọn ènìyàn kúrò. Ìdílé tó lé ní 7,000 ló kó ẹrù wọn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1959, Ààrẹ Eisenhower fúnra rẹ̀ wá fi ṣọ́bìrì kọ́kọ́ gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé wọ́n ya apá kan fíìmù 1961 ní àdúgbò yẹn gan-an, láàárín àwọn ilé tó ń dúró de katapílà, fíìmù náà kò sì sọ ọ́ síta rárá. Kushner mú un wá síwájú. Ọ̀gá ọlọ́pàá Schrank là á mọ́lẹ̀ fún àwọn Jets pé ilẹ̀ tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ jà kò ní jẹ́ tiwọn, kò sì ní jẹ́ ti Sharks. Láti ibẹ̀ lọ, mi ò rí ìjà náà bíi ìjà àwọn ọmọ tí orí ń gbóná mọ́. Ilé ti ń wó lórí àwọn méjèèjì.

Àwọn tó kọrin nínú ti 2021, ohùn ara wọn ni wọ́n fi kọ ọ́. Rachel Zegler, tí ìran ìyá rẹ̀ ti Colombia wá, jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ girama ọmọ ọdún 16 ní New Jersey nígbà tó fi fídíò ránṣẹ́ láti dije fún ipa Maria. Àwọn tó lé ní 30,000 ni wọ́n yẹ̀ wò kí wọ́n tó mú un. Ọmọ àwọn ará Cuba ni David Alvarez tó ṣe Bernardo. Bàbá DeBose jẹ́ ará Puerto Rico, òun fúnra rẹ̀ sì dúdú; àwọ̀ tí wọ́n fi ike àtíkè bò mọ́lẹ̀ ní 1961 ti wá jókòó síwájú fíìmù.

Èdè wá ńkọ́? Àwọn ará Puerto Rico inú fíìmù yìí ń sọ èdè Spéènì láàárín ara wọn, Spielberg sì kọ̀ láti kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ó ní tí òun bá túmọ̀ rẹ̀, òun ti fi èdè Gẹ̀ẹ́sì jọba lé e lórí nìyẹn. Àwa tí a ti ń wo fíìmù Yorùbá tí wọ́n kọ Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀ láti ọjọ́ yìí mọ ohun tó ń sọ. Bàbá àgbàlagbà kan á la ẹnu, òwe á jáde, ẹ ó wo ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́rin gbígbẹ lẹ ó bá. Mi ò gbọ́ èdè Spéènì. Nígbà tí mo wo fíìmù náà, àwọn ibì kan wà tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín tí mi ò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé onílé. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Anita ló máa ń kìlọ̀ fún àwọn yòókù pé kí wọ́n sọ Gẹ̀ẹ́sì, torí ó gbà pé Gẹ̀ẹ́sì ni ilẹ̀kùn Amẹ́ríkà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ Anita àti Gẹ̀ẹ́sì yìí sí apá kan ná.

Orin kan tún wà tí kò sí ní 1961. Lẹ́yìn ìjà àkọ́kọ́, nígbà tí ọlọ́pàá ń lé àwọn Sharks, wọ́n yíjú padà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ "La Borinqueña", orin ilẹ̀ wọn, èyí tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń pe ènìyàn sí ìjà òmìnira. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ti jẹ́ ká mọ̀ pé àwọn ọmọ yìí ní ibì kan tí wọ́n ti wá.

Orí "America" ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń fi méjèèjì wéra. Lórí ìtàgé ní 1957, àwọn obìnrin nìkan ló kọ ọ́, yẹ̀yẹ́ Puerto Rico ló sì pọ̀ jù níbẹ̀: àrùn, ìjì, gbèsè, ọ̀pọ̀ ọmọ. Fíìmù 1961 ló kọ́kọ́ tún un ṣe. Ó kó àwọn ọkùnrin wọ inú orin náà. Àwọn obìnrin ń yin Amẹ́ríkà, àwọn ọkùnrin ń dá wọn lóhùn pé rere rẹ̀ wà fún ẹni tí awọ rẹ̀ bá funfun. Ìyẹn ni pé ti 1961 tí àwọn kan ń pè ní ògbólógbòó, àtúnṣe lòun náà, ó sì sàn ju èyí tó tún ṣe lọ. Orí òrùlé ni wọ́n ti jó o, lóru, ìró ẹsẹ̀ Moreno àti ti Chakiris ń dáhùn ara wọn. Ti 2021 sọ̀kalẹ̀ sí òpópónà lọ́sàn-án gangan. DeBose wọ aṣọ aláwọ̀ òféèfèé tí inú rẹ̀ pupa, àwọn ọmọdé dara pọ̀, àwọn aládùúgbò dara pọ̀, gbogbo àdúgbò tí wọ́n fẹ́ wó yìí jáde wá jó. Mo gba ti 2021 níbí, láìṣiyèméjì.

Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa "Cool". Nínú ti 1961, inú ibi ìgbọ́kọ̀sí kan tí òrùlé rẹ̀ kò ga ni wọ́n ti ṣe é, lẹ́yìn tí Riff ti kú. Àwọn ọmọkùnrin náà ń gbìyànjú láti mú ìbínú mọ́ra, ara wọn ń gbọ̀n, ijó náà sì ń bú jáde lára wọn bí omi gbígbóná tó fẹ́ ṣí ìdérí ìkòkò. Ti 2021 gbé e sí ẹ̀gbẹ́ omi, lórí pákó tó ti jẹrà, Tony sì ń bá Riff du ìbọn. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀, ó sì bá ìtàn mu. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti rí iṣẹ́ Robbins á mọ̀ pé nǹkan kan ti lọ.

"I Feel Pretty" ni ibi tí ọgbọ́n Kushner ti pọ̀ jù. Orin ayọ̀ ni, ọmọbìnrin kan ń fò fún ìfẹ́. Lórí ìtàgé, lẹ́yìn tí ìjà ti pa Riff àti Bernardo ni Maria ń kọ ọ́, láìmọ̀. Fíìmù 1961 gbé e síwájú ìjà, kí ẹ̀rín má bàa bọ́ sáàárín ẹkún. Sondheim fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ orin náà. Ó ní ó mú ahọ́n ju ti ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ti 2021 dá a padà sí ẹ̀yìn ìjà, ó sì gbé Maria lọ síbi iṣẹ́. Ilé ìtajà ńlá Gimbels ni, lóru, òun àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń nu ilẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń kọrin láàárín aṣọ olówó ńlá tí wọn kò lè rà, àwọn ère tí wọ́n wọ aṣọ fún ń wò wọ́n. Àwa tí à ń wò mọ̀ pé Bernardo ti kú, a mọ̀ pé ọwọ́ Tony ló pa á, Maria kò mọ̀. Orin kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, ó wá di ohun tí ènìyàn ń gbọ́ tí àyà rẹ̀ ń já.

Gbogbo èyí kò tẹ́ àwọn ará Puerto Rico kan lọ́rùn, ẹjọ́ wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, Spielberg àti Kushner lọ jókòó pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Puerto Rico ní Río Piedras, wọ́n sì gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Wọ́n ń bi pé kí ló dé tí ìtàn tí àwọn tí kì í ṣe tiwọn kọ fi ní láti tún padà wá, tí àwọn tí kì í ṣe tiwọn tún ń darí rẹ̀. Ó kù síbẹ̀ pé Maria tuntun, pẹ̀lú bí ohùn rẹ̀ ṣe dùn tó, kì í ṣe ọmọ Puerto Rico. Ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ Sharks, ẹgbẹ́ ọmọ ìta náà ṣì ni wọ́n. Mo rò pé òtítọ́ ni. Àtúnṣe lè fọ ojú mọ́, ó lè dá ohùn padà fún ẹni tó ni ín, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ ilé náà ṣì wà níbi tí àwọn ọkùnrin mẹ́rin ọjọ́sí fi í sí.

Owó náà kò wọlé. Ó tó 100 mílíọ̀nù dọ́là tí wọ́n ná, gbogbo èyí tó pa káàkiri àgbáyé kò ju nǹkan bíi 76 mílíọ̀nù lọ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro wò. Ẹ̀yà Kòrónà tí wọ́n ń pè ní Omicron ń gbilẹ̀ ní oṣù Kejìlá yẹn, àwọn àgbàlagbà tó fẹ́ràn ti 1961 ni wọ́n sì ń bẹ̀rù àtijókòó sínú ilé sinimá jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Spider-Man: No Way Home jáde, ó kó àwọn ọ̀dọ́ lọ. Oscar méje ni wọ́n yàn án fún, ti DeBose nìkan ló gbà.

Hollywood kò dẹ́kun síbẹ̀. Kó tó di ìgbà yẹn ni wọ́n ti tún Annie ti 1982 ṣe, ní 2014, tí ọmọ aláwọ̀ dúdú, Quvenzhané Wallis, di Annie, tí ọmọ tiwa, Adéwálé Akinnuoye-Agbaje, sì jẹ́ ẹ̀ṣọ́ ọlọ́rọ̀ inú rẹ̀. Ní 2023, Blitz Bazawule, ọmọ Ghana, fi orin sọ The Color Purple tí Spielberg ti ṣe láìsí orin ní 1985. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, Zegler yìí kan náà ló ṣe Snow White, àtúnṣe èyí tí Disney yà ní 1937. Wọ́n ti ń jà lórí ìyẹn fún ọdún mélòó kan kó tó jáde: lórí àwọ̀ rẹ̀, lórí ohun tó sọ nípa ti àtijọ́, lórí ohun tí wọ́n fẹ́ fi àwọn aràrá méje ṣe. Òun náà kò pa owó tó yẹ. Àwọn kan ti fi èyí pinnu pé aráyé kò fẹ́ àtúnṣe. Èmi kò gbà, torí mo mọ ohun tí mo rí nínú ṣọ́ọ̀bù Valentina.

Ní 1961, ọkùnrin aláwọ̀ funfun kan, Doc, ló ni ṣọ́ọ̀bù tí Tony ti ń ṣiṣẹ́. Ní 2021, Doc ti kú. Opó rẹ̀, Valentina, ọmọ Puerto Rico, ló ń tà níbẹ̀, Rita Moreno sì ni. Fíìmù náà jáde nígbà tó ku ọjọ́ kan kó pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Ó gba Tony tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́wọ̀n sílé, ó ń kọ́ ọ ní èdè Spéènì tí yóò fi bá Maria sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Orin "Somewhere", tí Tony àti Maria jọ kọ ní 1961, òun nìkan ló kọ ọ́ báyìí, nínú ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú ohùn arúgbó tó ń gbọ̀n díẹ̀. Kò sí ẹni tó ràn án lọ́wọ́. Ohùn tí wọ́n fi ti ẹlòmíì rọ́pò nínú orin kan nígbà èwe rẹ̀, òun ni wọ́n fi sílẹ̀ báyìí bó ṣe rí.

Lẹ́yìn náà ni Anita wọlé. Maria ló rán an sí Tony. Àwọn Jets wà níbẹ̀, wọ́n sì ká a mọ́, wọ́n ń fà á láṣọ ya, wọ́n fẹ́ fipá bá a lò. Moreno ti sọ pé nígbà tí òun jẹ́ Anita tí wọ́n ń ya ibí yìí, ọgbẹ́ àtijọ́ ṣí nínú òun, òun bú sẹ́kún, kò ṣeé dá dúró. Doc ló wọlé tó gba Anita sílẹ̀ nígbà náà. Ní 2021, Moreno fúnra rẹ̀ ló wọlé. Ó pariwo lé àwọn ọmọ tó mọ̀ láti kékeré lórí, ó pe ohun tí wọ́n dà ní orúkọ rẹ̀, afipábánilòpọ̀, ó sì na ọwọ́ sí Anita tuntun tó wà nílẹ̀.

DeBose dìde. Obìnrin tó ti ń pàṣẹ Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì, fún gbogbo ènìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, èdè Spéènì ló fi sọ fún wọn pé òun kì í ṣe ará Amẹ́ríkà, ará Puerto Rico ni òun. Kò sí ìtumọ̀ kankan nísàlẹ̀.